Ọfà Tí Kò Ní Ìyẹ́: Bí Ọrun àti Ọfà Ṣe Ń Bára Mu

Bí a bá dárúkọ ọfà fún ọmọ ilé-ìwé kan ní Ṣómólú tàbí ní Bàrígà, orí ìtàgé ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ. Yóò rántí ọdẹ inú eré tí ó gbé ọrun kọ́ èjìká, tí ó wọ ẹ̀wù gbẹ̀rì, tí àwọn òǹwòran sì ń pàtẹ́wọ́ fún. Èyí kò burú. Àdúgbò tí ó mọyì eré ni Bàrígà; ibẹ̀ ni Crown Troupe of Africa, ẹgbẹ́ òṣèré tí Ṣẹ́gun Adéfilà dá sílẹ̀ ní 1996, ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọfà orí ìtàgé kì í fò. Ẹni tí ó gbẹ́ ẹ kò ronú ju bí yóò ti dùn ún wò lọ. Ọfà tí a fẹ́ kí ó fò, kí ó sì lọ tààrà dé ibi tí a rán an, ohun mìíràn gbáà ni, òun sì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Kí ni ó ń mú ọfà fò tààrà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé ojú tafàtafà ni, tàbí ọwọ́ rẹ̀ tí kì í gbọ̀n. Ìdajì òtítọ́ ni. Bí a bá kó ọfà tí kò bá ọrun mu fún tafàtafà tí ó mọṣẹ́ jù lọ, yóò tàsé. Bí ó bá sì tún ta òmíràn irú rẹ̀, ibi kan náà ni yóò tún tàsé sí. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ojú. Àárín igi ọfà àti igi ọrun ni ó wà, nítorí àwọn méjèèjì kò gbọ́ ara wọn yé.

Ọrun ìbílẹ̀ kò ní ihò láàárín. Ẹ̀gbẹ́ igi ọrun ni ọfà ń gbà kọjá. Nígbà tí a bá fa ọsán dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọfà dojú kọ ohun tí a fẹ́ ta. Ṣùgbọ́n bí a ti jọ̀wọ́ ọsán, tí ó ń sáré padà sí ipò rẹ̀, ó ń gbé ìdí ọfà bọ̀ sí ọ̀gangan àárín ọrun, nígbà tí iwájú ọfà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrun síbẹ̀. Igi tí ìdí rẹ̀ wà láàárín, tí iwájú rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni ó yẹ kí ó fò sí. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán, tí ọfà rẹ̀ sì wà ní apá òsì ọrun, apá òsì ni ó yẹ kí ọfà rẹ̀ máa yà sí nígbà gbogbo. Bí ìṣirò ti wí nìyẹn. Síbẹ̀, ọfà tí a ṣe dáadáa ń lọ tààrà. Àfi bí àlọ́.

Ìtumọ̀ àlọ́ náà ni pé ọfà kì í dúró gbọọrọ nígbà tí ó bá ń kúrò lórí ọsán. Ó ń tẹ̀. Agbára ọsán ń tì í láti ìdí, irin tí ó wà lórí rẹ̀ ń lọ́ra nítorí ìwúwo, igi tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kò sì ní ohun tí ó lè ṣe ju kí ó ká lọ. Àárín rẹ̀ a kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́ ara ọrun. Lẹ́yìn náà a nà padà, a tẹ̀ sí òdìkejì, a sì fi bẹ́ẹ̀ yí igi ọrun ká láìjẹ́ kí ìdí rẹ̀ kàn án. Nígbà tí ó bá jáde tán, a ṣì máa mì bí ẹja tí ń wẹ̀, títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Láàárín 1930 sí 1939, àwọn onímọ̀ físíìsì bí C. N. Hickman àti Paul Klopsteg ṣe ìwádìí lórí ọrun àti ọfà ní Amẹ́ríkà, àwòrán tí a fi kámẹ́rà ayára yà sì fi títẹ̀ yìí hàn kedere. Àwọn tí ń ta ọfà ti ń lo òye náà láti ìgbà pípẹ́ ṣáájú kámẹ́rà.

Nítorí náà, ọfà gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ó tó lè fò tààrà. Ibi tí ìṣòro wà ni ìwọ̀n títẹ̀ náà. Bí igi bá le jù fún agbára ọrun, kò ní í lè yí ọrun ká. Yóò yà sí apá òsì gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ti wí. Bí ó bá rọ̀ jù, yóò tẹ̀ kọjá ààlà, yóò sì yà sí apá ọ̀tún. Fún ẹni tí ó ń fi ọwọ́ òsì fa ọsán, tí ó sì gbé ọfà sí apá ọ̀tún ọrun, ìdàkejì ni. Igi kan náà tí ó dára fún ọrun bàbá lè jẹ́ igi líle fún ọrun ọmọ. Kò sí ọfà tí ó dára fúnra rẹ̀; ó dára fún ọrun kan ni.

Àkàtàm̀pó kò ní wàhálà yìí. Orí igi rẹ̀, láàárín gan-an, ni ọfà ń gbà, kò sí ohun tí yóò yí ká. Henry Balfour, olùtọ́jú àkọ́kọ́ fún ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé Pitt Rivers ní Oxford, kọ̀wé ní 1909 lórí orírun àkàtàm̀pó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sì gbà pé ọwọ́ àwọn òyìnbó tí ó wá sí etíkun ni a ti rí àwòṣe rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tọ̀nà, a jẹ́ pé ohun ìjà tí ó rọrùn jù láti tò ni ó wá láti òkèèrè, tí èyí tí ó gba òye jù sì ti wà nílé.

Báwo ni ó ti pẹ́ tó nílé? Ní 1965, Thurstan Shaw wa ilẹ̀ inú Ihò Ẹ̀lérù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì rí egungun ènìyàn kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní ẹgbàá márùn-ún ọdún, èyíinì ni 10,000. A rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkúta wẹ́wẹ́ tí a ṣá nínú ihò náà. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ gbà pé a máa ń tì bọ ẹnu igi, kí ó lè di ọfà tàbí irin-iṣẹ́ mìíràn. Ìlú Ọ̀fà pàápàá, gẹ́gẹ́ bí ìtàn wọn ti sọ, tafàtafà ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, Ọlálọmí Ọlọ́fàgangan. Nígbà ogun Òwu, láàárín 1820 sí 1830, àwọn Ìjẹ̀bú gbé ìbọn wọ ogun, láti ìgbà náà sì ni ọrun ti ń padà sẹ́yìn lójú ogun. Lẹ́yìn náà ni ìbọn ṣakabùlà gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ ọdẹ.

Ohun kan wà lára ọfà ilẹ̀ yìí tí àwọn òǹkàwé ìwé òyìnbó kì í fẹ́ kíyè sí. Ìyẹ́ mẹ́ta ni ó máa ń wà nídìí ọfà inú àwòrán wọn. Ìyẹ́ náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe: afẹ́fẹ́ ń dì í mú, ó sì ń fa ìdí ọfà padà sẹ́yìn iwájú rẹ̀ bí ó bá fẹ́ yà. Ó ń tún àṣìṣe ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọfà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò ní ìyẹ́ rárá. Igi fífúyẹ́ ni, tàbí eèsún, pẹ̀lú irin tí ó wúwo níwájú. Ìwúwo iwájú náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìyẹ́. Olùkọ́ lè fi han àwọn ọmọ pẹ̀lú ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì: kí ó lẹ amọ̀ díẹ̀ mọ́ orí ọ̀kan, kí ó fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó sì jù wọ́n sí afẹ́fẹ́. Ẹlẹ́mọ̀ yóò fi orí lọ. Èkejì yóò máa ta kìtì.

Lóde òní, àwọn tí ń fi ọrun ṣe eré ìdárayá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọfà bá ọrun mu. Wọn a bó ìyẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọfà wọn, wọn a ta á pẹ̀lú àwọn tí ó ní ìyẹ́ láti nǹkan bí mítà 15 sí 20, wọn a sì wo ibi tí onílàásán balẹ̀ sí. Bí ó bá yà sí òsì àwọn yòókù, igi le jù. Bí ó bá yà sí ọ̀tún, igi rọ̀ jù. Ohun tí wọ́n ń lò fún ìdánwò, tí wọn yóò sì yọ kúrò nígbà tí ìdánwò bá parí, òun ni ọ̀pọ̀ tafàtafà ilẹ̀ Áfíríkà gbé lọ sí oko ọdẹ àti ojú ogun. Ọfà wọn kò ní ohun tí yóò bo àbùkù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó pe irú ọfà bẹ́ẹ̀ ní ọfà aláìlọ́gbọ́n kò tíì ronú dáadáa.

Ìtàn Ọ̀ṣọ́ọ̀sì tí a ń sọ ní ilẹ̀ Bùràsíìlì bá ọ̀rọ̀ yìí lọ. Ẹyẹ ńlá kan bà lé ààfin, ọdẹ mẹ́ta sì kọ́kọ́ gbìyànjú láti pa á: Ọ̀ṣọ́tògún pẹ̀lú ogún ọfà, Ọ̀ṣọ́tògójì pẹ̀lú ogójì, Ọ̀ṣọ́tàádọ́ta pẹ̀lú àádọ́ta. Gbogbo wọn tàsé. Ọ̀ṣọ́tọ̀kànṣoṣo, ẹni tí kò ní ju ọfà kan lọ, ni ó pa ẹyẹ náà. Ẹbọ tí ìyá rẹ̀ rú ni ìtàn fi ṣe ìdí rẹ̀, ìtàn sì ní ẹ̀tọ́ sí ìdí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ọfà yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. Àádọ́ta igi tí a gé láti inú igbó kò lè ní líle kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò fò bí ó ti wù ú. Ẹni tí ó ní ọ̀kan ti mọ ìwà rẹ̀.

Báwo wá ni a ṣe ń mú ọfà àti ọrun bára mu? Títọ́ igi ni ìpìlẹ̀. A ń gbé igi sí ojú kan bí ẹni fẹ́ yìnbọn, a ń wo ibi tí ó ti wọ́, a ń yá ibẹ̀ lórí ẹyín iná, a sì ń tẹ̀ ẹ́ sí òdìkejì títí yóò fi tutù. Iṣẹ́ tí kì í parí ni, pàápàá lẹ́bàá ọ̀sà bí ti Bàrígà, níbi tí ọ̀rinrin ti lè tún igi wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn títọ́ ni líle, ibí yìí sì ni ọgbọ́n náà wà. Gígùn ni ó lágbára jù. Bí a bá gé ọ̀pá kan láti sẹ̀ǹtímítà 80 sí 72, ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ni a gé, ṣùgbọ́n títẹ̀ rẹ̀ yóò dínkù láti 100 sí nǹkan bí 73, nítorí gígùn lọ́nà mẹ́ta ni a fi ń ṣe ìṣirò náà. Fífá igi tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pá tí ó nípọn ní mìlímítà 9, bí a bá fá a sí 8, líle rẹ̀ yóò bọ́ láti 100 sí nǹkan bí 62. Ọ̀bẹ tí ó kọjá lẹ́ẹ̀mejì láìnídìí ti ba ọfà jẹ́.

Ṣùgbọ́n eèsún kò ṣeé fá. Èèpo rẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá fá a ti pa á. Nítorí náà, gígùn àti irin orí nìkan ni ó kù fún ẹni tí ń fi eèsún ṣe ọfà. Irin tí ó wúwo ń mú kí igi tẹ̀ sí i, bí ẹni pé ó rọ̀ ju bí ó ti rí lọ. Irin fífúyẹ́ ń mú un dàbí ẹni pé ó le. Gígùn pẹ̀lú ní ààlà, nítorí ọfà tí ó bá kúrú ju apá ẹni tí ń fa ọsán lọ yóò wọ inú ọrun, yóò sì gún ọwọ́ olówó. A tún padà sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ nìyẹn. Òun ni ó ń fi òòlù àti ẹwìrì pinnu bí eèsún yóò ti tẹ̀, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọrun rí.

Ọsán kò gbọ́dọ̀ di ohun ìgbàgbé. Àwọn àgbà ní bí ọsán bá já, ọrun a di ọ̀pá. Ṣùgbọ́n kí ó tó já, ó ti lè rọ, bí ó bá sì rọ, yóò súnmọ́ igi ọrun jù, ọfà yóò sì kúrò lórí rẹ̀ ní ibi tí kò yẹ. Bí a bá lọ́ ọsán sí i, yóò kúrú, yóò sì jìnnà sí igi. Ibi tí ìdí ọfà ń jókòó sí lórí ọsán pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi kan ṣoṣo, díẹ̀ lókè ọ̀gangan ibi tí ọfà sinmi lé lára ọrun. Ẹni tí ó bá ń yí i padà lójoojúmọ́, kí ó má ṣe bá igi jà.

Àwọn olùkọ́ yóò béèrè pé níbo ni a ó ti ṣe ìdánwò yìí ní Ṣómólú tàbí Bàrígà, níbi tí ilé ti fi ẹ̀yìn ti ilé, tí àwọn ènìyàn sì ń kọjá ní gbogbo wákàtí. Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta ọfà níbẹ̀. Pápá gbalasa nìkan ni a ti ń ta ọfà, pẹ̀lú àgbàlagbà tí yóò máa ṣọ́ iwájú àti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n a lè wọn líle igi lórí tábìlì kíláàsì láìta ohunkóhun. Kí a kan ìṣó méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì, kí wọ́n jìnnà síra ní ínṣì 26, èyíinì ni sẹ̀ǹtímítà 66. Kí a gbé ọ̀pá lé wọn, kí a so omi tí ìwúwo rẹ̀ tó gíráàmù 900 sínú ọ̀rá, kí a fi kọ́ àárín ọ̀pá náà, kí a sì fi rúlà wo bí ó ti tẹ̀ tó. Àwọn tí ń fi igi ṣe ọfà ní ilẹ̀ òyìnbó ti ń lo ìwọ̀n yìí tipẹ́. Wọ́n ń pín 26 pẹ̀lú iye ínṣì tí igi fi tẹ̀, èsì náà sì jẹ́ iye pọ́n-ùn agbára ọrun tí ó bá a mu. Bí ọ̀pá bá tẹ̀ ní mìlímítà 13, ọrun tí ó tó pọ́n-ùn 50 ni yóò bá lọ. Bí ó bá tẹ̀ ní 16 àbọ̀, ti pọ́n-ùn 40 ni. Orí ọrun gígùn ti Yúróòpù ni wọ́n ti fa òfin náà yọ, nítorí náà kò lè jẹ́ ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ fún ọrun tiwa. Ọfà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ìyókù.

Àwọn tí ó wà ní Ṣómólú tilẹ̀ ní àǹfààní tí àwọn mìíràn kò ní. Ìlú àwọn atẹ̀wé ni. Atẹ̀wé tí ó mọṣẹ́ a máa mú bébà kan, a tẹ̀ ẹ́ gbọọrọ, a tún tẹ̀ ẹ́ níbùú, kí ó lè mọ apá tí ó le àti apá tí ó rọ̀, nítorí ìwé tí a bá ká sí apá tí ó le kò ní í padé dáadáa. Bí ẹni tí ó ń yan igi ọfà ṣe ń fi ọwọ́ tẹ igi wò gan-an nìyẹn, òun pẹ̀lú ń bi ohun èlò rẹ̀ léèrè kí ó tó fi ọ̀bẹ kàn án. Bébà kan náà tún jẹ́ ohun ìdánwò fún àwọn tafàtafà òde òní. Wọn a ta bébà mọ́ férémù, wọn a dúró ní nǹkan bí mítà méjì sí i, pẹ̀lú ohun tí yóò gba ọfà dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọn a sì ta ọfà gba inú rẹ̀ kọjá. Ihò kan róbótó túmọ̀ sí pé ìdí tẹ̀lé orí. Bí bébà bá ya sí apá ọ̀tún ihò, ìdí ọfà ni ó lọ sí ọ̀tún, igi sì le jù fún ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán. Bí ó bá ya sí òsì, igi rọ̀ jù. Yíya sókè tàbí sísàlẹ̀ kò kan líle. Ibi tí ìdí ọfà jókòó sí lórí ọsán ni a ó tún wò.

Ní 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Mọ́dákẹ́kẹ́, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Ètò náà fi hàn pé èdè kò dínà ìmọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣì kù fún àwọn olùkọ́: àpẹẹrẹ wo ni a ó máa lò? Bí a bá fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí afárá irin ìlú òkèèrè tí ọmọ kò rí rí, ìdajì ọ̀nà ni a tíì rìn. Líle, títẹ̀, ìwúwo, gbígbọ̀n, gbogbo wọn ni ó wà nínú ọ̀pá kan tí kò gùn tó mítà kan.

Ewu tí ó wà nísinsìnyí ni pé ọfà àti ọrun ti ń pín yà. Ní ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé, a lè rí ọrun nínú àpótí kan, kí a rí ọfà nínú òmíràn, pẹ̀lú orúkọ ìlú tí wọ́n ti wá lára wọn, láìsí ohun tí ó sọ èwo ni ó jẹ́ ti èwo. Irú ọfà bẹ́ẹ̀ dàbí kọ́kọ́rọ́ tí a kò mọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Igi rẹ̀ wà, irin rẹ̀ wà, ohun tí ó jẹ́ ọgbọ́n rẹ̀ ti lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń wá iṣẹ́ ìwádìí lè ṣe ohun tí àwọn tí ó kó wọn jọ kò ṣe. Bí ó bá bá àgbà ọdẹ kan pàdé nílé, tí ọrun bàbá rẹ̀ ṣì wà ní àjà, kí ó má ṣe ya àwòrán nìkan. Kí ó fi òṣùwọ̀n tí a ń fi kọ́ ẹrù wọn agbára ọrun náà, bí ó bá ṣì ṣeé fà láìsẹ́. Bí igi rẹ̀ bá ti gbẹ, kí ó fi í sílẹ̀, kí ó wọn gígùn àti nínípọn rẹ̀ nìkan. Kí ó wọn apá ẹni tí ó ń lò ó. Kí ó wọn gígùn ọfà kọ̀ọ̀kan, ìwúwo irin rẹ̀, àti bí igi rẹ̀ ti tẹ̀ tó lórí ìṣó méjì, kí ó sì kọ ti ọrun àti ti ọfà sí ojú ewé kan náà. Ọfà tí oró bá wà lórí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ọwọ́ ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó. Lẹ́yìn ìwọ̀n, kí ó béèrè lọ́wọ́ àgbà náà irú ọfà wo ni ó ti ṣẹ́ sọnù rí, àti ohun tí ó rí nínú bí ó ti fò kí ó tó ṣẹ́ ẹ.